Ṣé Kí A Lé Apẹja Kúrò Létí Odò Wa, Àbí Kí A Bá Wọn Ṣàdéhùn?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́. Bàbá wa fi ilẹ̀ éékà 14 sílẹ̀ fún wa lẹ́yìn Òṣogbo, odò kékeré kan sì gba àárín rẹ̀ kọjá kó tó wọ Ọ̀ṣun. Nígbà tí a wà ní kékeré, ẹja pọ̀ níbẹ̀. Ní báyìí, àwọn apẹja ń wọlé láìtọrọ ààyè, ẹja sì ti dọ̀wọ́n. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì la bá ẹja kéékèèké tó kú léfòó. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a ta wáyà yí odò náà ká, kí ẹnikẹ́ni má dé ibẹ̀ mọ́. Èmi kà á pé ní Amẹ́ríkà, àwọn onílẹ̀ àti àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja trout máa ń fọwọ́sowọ́pọ̀ tọ́jú odò. Ṣé irú rẹ̀ ṣeé ṣe níbí, àbí kí a gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé a sì lè ra trout dà sínú odò tiwa?

Ẹ kú ìrònú ilẹ̀ bàbá yín o. Bí mo ṣe ka ìbéèrè yín, ohun tó ń dùn yín ju ẹja lọ. Ogún ń bàjẹ́ lójú yín, ẹ sì ń wá ẹni tó ń bà á jẹ́. Apẹja ló wà nítòsí, òun lẹ rí lójú pópó, nítorí náà ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìka nà sí. Ó lè jẹ́ òun. Ó sì lè jẹ́ ẹlòmíràn tí ẹ ò fura sí rárá. Èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ ta wáyà yẹn mọ́ apẹja, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Ká kọ́kọ́ mú ti trout kúrò lọ́nà. Kò lè gbé inú odò yín. Ẹja omi tútù ni. Bí omi bá ti ń sún mọ́ ìwọ̀n 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ikú ló ń wò, omi odò agbègbè Òṣogbo sì máa ń gbóná tó bẹ́ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́pọ̀ ọjọ́ nínú ọdún. Ní Áfíríkà, orí òkè gíga tí òtútù ti ń mú ló ti rí ibùgbé, bíi àwọn odò tó ń ti Òkè Kenya sọ̀ kalẹ̀, àwọn òyìnbó amúnisìn ló sì kó o dé ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ ta ọmọ trout fún yín ní Òṣogbo, owó yín ló fẹ́ jẹ.

Ṣùgbọ́n ìṣètò tí ẹ kà nípa rẹ̀ wúlò fún wa, ìdí tí wọ́n fi ṣe é ló sì yẹ ká mọ̀. Abo trout máa ń fi ìrù gbẹ́ kòtò sáàárín òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ odò, á yé ẹyin síbẹ̀, á tún fi òkúta bò ó. Ẹyin náà á wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, omi mímọ́ tó ń gba àárín òkúta kọjá ló ń gbé afẹ́fẹ́ fún un. Bí ẹrẹ̀ bá dí ojú àwọn òkúta yẹn, gbogbo ẹyin á kú síbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan ju ìwọ̀ sódò. Orí ilẹ̀ sì ni ẹrẹ̀ ti ń wá: bèbè tí màlúù tẹ̀ fọ́, oko tí wọ́n ro dé etí omi. Apẹja lè gbé ìwọ̀ rẹ̀ kọ́ fún ọdún 10, ẹja kò ní pọ̀ sí i bí onílẹ̀ kò bá tún etí odò ṣe. Onílẹ̀ ní tirẹ̀ kì í sábà dúró sétí omi pẹ́ tó láti mọ̀ pé nǹkan ti ń yí padà. Bí wọ́n ṣe di ẹni tó nílò ara wọn nìyẹn. Ní ìpínlẹ̀ New York, láti ọdún 1935 ni ìjọba ti ń ra ẹ̀tọ́ ìpẹja lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀. Ilẹ̀ ṣì jẹ́ tiwọn. Ẹ̀tọ́ láti rìn létí omi kí a sì pẹja nìkan ni wọ́n tà, lórí ilẹ̀ tóóró tó sábà máa ń fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 33. Ní Michigan, létí odò Au Sable, àwọn apẹja dá ẹgbẹ́ Trout Unlimited sílẹ̀ lọ́dún 1959, nítorí wọ́n ti rí i pé kíkó ọmọ ẹja dà sódò lọ́dọọdún kò lè dípò odò tí ara rẹ̀ dá. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, a óò padà sórí rẹ̀.

Ta ló wá ni odò yín? Ó gba orí ilẹ̀ yín kọjá, ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ kò sí lára ogún. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà fún àǹfààní gbogbo ará ìlú, ó sì fi ẹ̀tọ́ lílo ilẹ̀ sílẹ̀ fún ẹbí tó ń lò ó. Omi ní òfin tirẹ̀, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 1993. Omi tó bá kan ju ìpínlẹ̀ kan lọ, ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀ ló wà. Ọ̀ṣun sì rèé, Èkìtì ló ti ṣẹ̀, ìpínlẹ̀ lórí ìpínlẹ̀ ló ń gbà kọjá kó tó dé ọ̀sà lọ́nà Èkó. Òfin yìí kan náà fàyè gba ẹnikẹ́ni láti bu omi lò nílé, láti fún ẹran lómi, àti láti pẹja nínú omi tí gbogbo ènìyàn ní ọ̀nà dé, bí kò bá ṣáà ti tako òfin mìíràn. Agbára tí ẹ ní lórí ọ̀nà tó gba oko yín kọjá pọ̀ ju èyí tí ẹ ní lórí ẹja lọ. Bí ẹ bá ti ọ̀nà pa, apẹja á gba ti aládùúgbò wọlé, á sì máa fẹsẹ̀ wọ́ inú omi bọ̀ wá sí ọ̀dọ̀ yín. Bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ di ti kóòtù, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí agbẹjọ́rò wo ìwé ilẹ̀ yín, nítorí ohun tí mo sọ yìí ni ìpìlẹ̀ lásán, ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìtàn tirẹ̀.

Ẹja tó kú léfòó yẹn ni kí ẹ fara balẹ̀ sí jù, nítorí bí ẹja bá ṣe kú ló ń sọ ohun tó pa á. Àrọ̀ máa ń yọrí mí afẹ́fẹ́ lókè omi. Èpìyà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ tó wà nínú omi nìkan ló gbójú lé. Bí ẹ bá dé odò ní ìdájí, tí ẹ rí èpìyà tó ń lanu gbàgà lókè omi, tí díẹ̀ ti kú nínú wọn, tí àrọ̀ sì ń rìn kiri bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe, afẹ́fẹ́ ló tán nínú omi. Ìdọ̀tí tó ń jẹrà ló máa ń jẹ ẹ́ tán: omi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ fún fùfú, omi tí wọ́n dà nù níbi tí wọ́n ti ń fọ epo pupa, ìgbẹ́ ẹran, ewé tó kún inú omi tí kò ṣàn mọ́. Ṣùgbọ́n bí àrọ̀ àti èpìyà bá jọ kú, àgbà àti ọmọ, tí edé àti akàn ti kú ṣáájú wọn, tí èyí tó ṣẹ́ kù sì ń pòòyì bí ẹni tó mutí yó, májèlé ni. Ara edé àti akàn sún mọ́ ti kòkòrò gan-an, ìwọ̀nba oògùn apakòkòrò tí kò tó nǹkan ló ń pa wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá odò ṣì yè, kó yí òkúta inú omi padà kó wo abẹ́ rẹ̀. Bí ọmọ kòkòrò omi àti edé ṣì ń sá kiri lábẹ́ òkúta, ìrètí ń bẹ. Bí abẹ́ òkúta bá mọ́ fónífóní bí àwo tí a fọ̀, wàhálà wà.

Apẹja lè jẹ́ ẹni tó da májèlé yẹn sómi lóòótọ́. Gammalin 20 ni wọ́n ń lò nígbà kan, oògùn tí wọ́n ṣe fún kòkòrò inú oko kòkó. Lindane ló wà nínú rẹ̀, àdéhùn àgbáyé ti Stockholm sì ti kà á mọ́ àwọn kẹ́míkà tó yẹ kí ayé pa tì láti ọdún 2009. Kì í tètè rà, inú ọ̀rá ẹja ló ń sá pamọ́ sí, ẹni tó bá sì jẹ ẹja náà gbé e wọ ara tirẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ májèlé lè ti ọwọ́ àgbẹ̀ wá, àgbẹ̀ tí kò ní ohunkóhun lòdì sí ẹja. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n bá fín oògùn tán. Ọmọkùnrin kan á gbé páǹpù lítà 16 sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, á ti ẹnu rẹ̀ bọ odò, omi á ya wọnú rẹ̀, á mì í jìgìjìgì, á dà á padà sódò, á tún bu òmíràn. Ìfófòó funfun á máa ṣàn lọ lábẹ́ ewé. Bí oògùn tó fín bá jẹ́ irú cypermethrin tàbí lambda-cyhalothrin tí wọ́n ń fín sí ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, ìṣẹ́kù ìsàlẹ̀ páǹpù yẹn lè pa edé àti ọmọ ẹja lọ sísàlẹ̀ odò, pàápàá nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ tí omi ti fà. Kí ẹ tó dá apẹja lẹ́bi, ẹ béèrè ẹni tó fín oko láàárín ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí ẹja kú. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún ẹ̀yin gan-an.

Lẹ́yìn májèlé, ẹrẹ̀ ló kàn, òun ni àwọn ènìyàn kì í sì í kà sí. Ẹja wa kì í yé ẹyin sáàárín òkúta bíi ti trout, ṣùgbọ́n etí odò ló ti ń bí, èyí sì mú kí ọ̀rọ̀ onílẹ̀ lágbára níbí ju tọ̀hún lọ. Nígbà tí òjò bá kọ́kọ́ rọ̀ dáadáa, tí odò kún dé orí koríko, àrọ̀ á jáde lóru wá sínú omi tí kò tó orúnkún, á da ẹyin rẹ̀ sára koríko. Ẹyin tó wọn giramu 1 péré lè tó 600 níye, nítorí náà abo kan tó tóbi lè fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin sílẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, wọ́n ti pa. Èpìyà máa ń gbẹ́ ìtẹ́ sínú yanrìn níbi tí omi kò ti jìn. Irú kan nínú wọn á máa ṣọ́ ẹyin náà níbẹ̀, irú mìíràn á kó o sẹ́nu títí á fi pa. Ẹni tó bá ro koríko etí odò dànù, tó kọ ebè dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kan omi, ilé ìgbẹ̀bí ẹja ló wó lulẹ̀.

Ìbàjẹ́ yìí kì í sábà ti inú ìkà wá. Ẹni tó ń dá àkùrọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn fẹ́ kí ẹ̀fọ́ rẹ̀ sún mọ́ omi kó má baà rin ìrìn púpọ̀ pẹ̀lú agbè. Ẹni tó ń gbin ẹ̀gẹ́ sórí ilẹ̀ tó dagun la poro rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀ nítorí ọwọ́ yá bẹ́ẹ̀. Òjò ńlá kan ṣoṣo á sọ poro náà di ojú àgbàrá, erùpẹ̀ òkè tó dára jù á sì wọ odò. Oko àti odò ló jọ pàdánù. Màlúù tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ níbi 10 láti mumi á sọ ibi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá di pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀. Bí ẹnì kan nínú ẹbí bá sì ń ta yanrìn etí odò fún àwọn onítípà, mo bẹ̀ yín, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibi tí wọ́n bá ti gbẹ́ yanrìn, bèbè á máa ya lulẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, òkè àti ìsàlẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ fi lè mọ̀ bóyá ilẹ̀ yín wà nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ẹ wá ìgò ike méjì tó mọ́ kedere, tí wọ́n dọ́gba. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé òjò ńlá, ẹ bu omi sí ọ̀kan níbi tí odò ti wọ ilẹ̀ yín, ẹ bu sí èkejì níbi tó ti jáde. Ẹ gbé méjèèjì kalẹ̀ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn wọ́n títí di ọjọ́ kejì, kí ẹ wá fi rúlà wọn ẹrẹ̀ tó sùn sísàlẹ̀. Bí ti ìjáde bá nípọn ju ti ìwọlé lọ, àgbàrá oko yín ló ń rọ ẹrẹ̀ sódò. Bí wọ́n bá dọ́gba, òkè odò ni wàhálà wà. Ẹ ṣe é tó ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ẹ tó fọkàn tán èsì rẹ̀, nítorí òjò ò rọ̀ bákan náà níbi gbogbo.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé àwọn ọ̀nà tó wà níwájú yín wò. Wáyà tí ẹ̀gbọ́n yín fẹ́ ta ní àǹfààní kan: ó ń dá màlúù dúró. Bí ẹ bá máa ta á, nítorí màlúù ni kí ẹ ta á, lókè níbi tí omi kò lè kún dé, ẹ má sì ta á gba inú odò kọjá láéláé, torí ẹ̀ka igi àti pàǹtírí á kó jọ sí i lára nígbà òjò, omi á yà á lọ, á sì gbá bèbè pẹ̀lú rẹ̀. Ní ti apẹja, wáyà kì í lé apẹja burúkú. Ẹni tó ń fi ìwọ̀ pẹja lójúmọmọ ló máa lọ, ẹni tó ń da májèlé lóru á sì rí ibi tó dá, tí kò sí ojú kankan níbẹ̀ mọ́. Ọ̀nà kejì ni pé kí ẹ yá apẹja kan ní odò náà lówó ńlá lọ́dún. Ó dùn létí, owó á wọlé lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tó san owó ńlá á fẹ́ pa ẹja tó tó owó rẹ̀, kò sì dá a lójú pé òun ni ẹ óò yá lọ́dún tó ń bọ̀. Ọ̀nà tí mo fara mọ́ ni àdéhùn pẹ̀lú àwọn apẹja mélòó kan tí ẹ mọ ilé wọn, kí ẹ̀yin fún wọn ní ọ̀nà, kí wọ́n fún yín ní ojú. Ó lọ́ra ju ti wáyà lọ, ó sì ń béèrè ìpàdé àti sùúrù. Bí ẹ bá ní kí wọ́n san nǹkan kan, kó kéré, kó sì jẹ́ owó tí a óò fi ra òkúta àti irúgbìn fún etí odò.

Àdéhùn náà kò gbọdọ̀ gùn. Lójú tèmi, ohun tó yẹ kó wọ inú rẹ̀ kò pọ̀. Kò sí májèlé, kò sí iná mànàmáná, kò sí ohun abúgbàù. Òfin ìjọba ti lòdì sí àwọn wọ̀nyẹn tẹ́lẹ̀. Ojú àwọ̀n kò gbọdọ̀ dín ní íǹṣì 3 bí a bá fà á gbọọrọ láti kókó dé kókó, kí ẹja tí kò tíì bímọ rí lè gbà á kọjá. Kí ìgèrè àti ọparun má dí odò láti bèbè dé bèbè. Kí ìdá kan nínú mẹ́ta fífẹ̀ odò ṣí sílẹ̀ fún ẹja láti kọjá. Láti ìgbà tí odò bá kọ́kọ́ kún bo koríko, kí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kọjá láìsí àwọ̀n, láìsí ìgèrè, láìsí ẹni tó ń fi àdá ṣá àrọ̀ nínú koríko lóru. Èyí gan-an ló máa le jù, torí ìgbà yẹn ni àrọ̀ rọrùn láti mú jù, ẹbí apẹja sì ní láti jẹun. Ẹ lè fi ìwọ̀ sílẹ̀ fún wọn lásìkò náà. Kí ibú kan wà, ibi tí omi ti jìn jù, tó gùn tó mítà 50 ó kéré tán, tí a kì í pẹja nínú rẹ̀ lọ́dún yíká. Ẹ̀yin onílẹ̀ ní tiyín á ṣèlérí ọ̀nà kan tí ẹ kò ní tì, etí odò tí ẹ kò ní ro, àti pé gbogbo ẹni tó ń dáko lọ́dọ̀ yín kò ní fọ páǹpù nínú odò mọ́. Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá, kí olórí ẹbí, Baálẹ̀ àti àwọn apẹja fọwọ́ sí i. Ẹ má gbàgbé àwọn darandaran àti àwọn obìnrin tó ń rẹ ẹ̀gẹ́; bí wọn ò bá sí níbi ìpàdé, àdéhùn náà ti jò láti ìsàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ibú tí a kì í pẹja nínú rẹ̀ kò ṣàjèjì ní Òṣogbo. Ìtàn ìlú ní Lárọ̀óyè, ọba àkọ́kọ́ níbẹ̀, tẹ́wọ́ gba ẹja láti inú Ọ̀ṣun, ibẹ̀ ni Àtáọ́jà, orúkọ oyè ọba Òṣogbo, ti wá, títí dòní a kì í pẹja nínú Igbó Ọ̀ṣun. Ohun yòówù tí ẹnì kan ìbáà gbà gbọ́, iṣẹ́ tí èèwọ̀ yẹn ń ṣe fún ẹja hàn gbangba: àgbà ẹja rí ibi tó ti lè gbó, tó ti lè bímọ fún ìsàlẹ̀ odò.

Iṣẹ́ etí odò wá kù. Ẹ wọn mítà 10 láti bèbè sórí ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, 15 níbi tí ilẹ̀ bá ti dagun, kí ẹ jẹ́ kí koríko àti igi hù níbẹ̀. Bí ilẹ̀ ò bá tó, mítà 5 sàn ju asán lọ, ṣùgbọ́n kì í dá àgbàrá ńlá dúró. Níbi tí bèbè ti ń ya, ẹ gé ẹ̀ka ìyeyè tàbí àkòko tó nípọn tó ọwọ́ ọmọdé, tó gùn tó mítà 1, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ẹ gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ṣóńṣó, ẹ rì í tó ìdá méjì nínú mẹ́ta sínú ilẹ̀, kí àlàfo láàárín ọ̀kan sí èkejì tó ìdajì mítà, lórí ìlà méjì tí kò kọjú síra wọn. Ẹ kíyè sí ojú ìrúwé kí ó kọjú sókè; ẹni tó bá gbìn ín lódì á rí i pé igi náà gbẹ láìhù, á sì máa sọ pé ilẹ̀ ò dáa. Ògùrọ̀ fẹ́ràn irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ ń di ẹrẹ̀ mú. Ẹ má gbára lé ọ̀gẹ̀dẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ kò jìn, tòun ti bèbè ni wọ́n jọ ń ṣubú. Lókè oko, ẹ la poro ní ìbú, kó dábùú ìdagun ilẹ̀. Fún màlúù, ẹ ṣe ojú kan ṣoṣo, tó fẹ̀ tó mítà 4, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́, ní ìsàlẹ̀ ibi tí àwọn ènìyàn ti ń pọn omi. Ẹ tẹ́ òkúta ńlá sísàlẹ̀, ẹ da wẹ́wẹ́ lé e. Ẹni tó ń fín oògùn, kí ó bu omi sínú kẹ́ẹ̀gì gbé lọ sóko, kí ó fi díẹ̀díẹ̀ ṣan páǹpù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ó sì fín omi ìṣanpáǹpù náà sórí oko kan náà. Ẹ̀gẹ́ fùfú, inú dúrọ́ọ̀mù ni kí wọ́n rẹ ẹ́ sí, kí wọ́n da omi rẹ̀ sí kòtò tó jìnnà sódò ní mítà 50, nítorí yàtọ̀ sí kíkan tó kan, májèlé ara ẹ̀gẹ́ wà nínú omi yẹn.

Bí ẹja bá tún kú lójijì kí gbogbo èyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹnikẹ́ni má ṣa á jẹ, ẹnikẹ́ni má kó o lọ sọ́jà. Ẹ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń pọnmi nísàlẹ̀ kí wọ́n dúró ná. Ẹ bu omi sínú ìgò gíláàsì tó mọ́, ẹ fi fóònù ya àwòrán, ẹ kọ àsìkò sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ètò ẹja nílé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìpínlẹ̀. Ẹ yára, torí omi tó gbé májèlé wá ń ṣàn lọ.

Ibì kan wà tí àdéhùn yín kò lè dé. Ìwakùsà góòlù lápá Ìjẹ̀ṣà ti sọ omi Ọ̀ṣun di pupa ẹrẹ̀, ó sì ń ṣàn gba inú Igbó Ọ̀ṣun tí wọ́n pa mọ́, hẹ́kítà 75 tí àjọ àgbáyé UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 2005, ibi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í pẹja. Ìjọba nìkan ló lè dá irú èyí dúró, ohùn onílẹ̀ àti apẹja tó bá sì jọ dún lórí rẹ̀ lágbára ju ti ẹnì kan lọ. Bí omi odò kékeré tiyín kò bá ti apá ibi ìwakùsà wá, iye rẹ̀ tún ga sí i, nítorí inú irú odò bẹ́ẹ̀ ni ẹja lè sá sí. Ẹ má retí ìyanu lọ́dún àkọ́kọ́. Igi etí odò á nílò òjò ọdún méjì kó tó di bèbè mú, ẹja lè tó ọdún kẹta kó tó hàn lójú àwọ̀n. Àwọn kan á ṣẹ̀ sí àdéhùn náà pẹ̀lú.

Lákòókò ìdúró yẹn, ẹnì kan á dá a lábàá pé kí ẹ ra ọmọ ẹja lọ́wọ́ àwọn tó ń sin ín, kí ẹ dà á sódò. Ẹ má ṣe é. Ohun tí àwọn ará Au Sable rí náà ni: odò tí kò lè gbọ́ bùkátà ọmọ tirẹ̀ kò lè gbọ́ ti àlejò. Pẹ̀lúpẹ̀lù, púpọ̀ nínú ẹja tí wọ́n ń sin ní Nàìjíríà jẹ́ àdàpọ̀ irú méjì, bí wọ́n bá wọ odò, wọ́n lè bá àrọ̀ ìbílẹ̀ dà pọ̀, a ò sì ní rí i yọ mọ́.

Oṣù kejì ọdún ni kí ẹ pe ìpàdé, nígbà tí omi ti fà tí bèbè hàn síta. Ẹ má ṣe é ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ jọ rin etí odò láti ibi tó ti wọ ilẹ̀ yín dé ibi tó ti jáde, apẹja lọ́wọ́ ọ̀tún, àgbẹ̀ lọ́wọ́ òsì. Ẹ jẹ́ kí apẹja fi ibú tí ẹja ń sá sí hàn yín, kí ẹ̀yin fi ààlà ilẹ̀ hàn wọ́n. Kí ẹnì kan ru ẹ̀ka pèrègún dání. Ibi tí ẹ bá ti fẹnu kò pé oko dúró níbí, kí ó kàn án mọ́lẹ̀ lójú gbogbo yín kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.